Ìgbà mélòó ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀ kernel inú fáìlì Linux?

Ẹni tó ń gbé ní Ajah, tó ra láptọ́ọ̀pù tuntun, tó sì fẹ́ gbé Linux sí i, lè bá ìṣòro kan pàdé tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Yóò ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, gbogbo nǹkan yóò máa lọ déédéé, àfi Wi-Fi tí kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Wọn yóò ní kó lọ gba àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wi-Fi yìí kan náà ló sì yẹ kó gbé e débẹ̀! Kernel inú fláàṣì rẹ̀ ti jáde kí wọ́n tó ṣe Wi-Fi yẹn ni.

Kernel ni ọkàn Linux, òun ló ń bá díìsìkì, bátìrì àti Wi-Fi sọ̀rọ̀. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Finland lọ́dún 1991, bí ọ̀sẹ̀ 9 tàbí 10 síra wọn sì ni tuntun ń jáde báyìí.

Ọwọ́ àwọn tó ń kó Linux jọ fún aráyé kò dọ́gba. Oṣooṣù ni Arch ń gbé fáìlì tuntun jáde. Debian kì í kánjú ní tirẹ̀: ẹ̀dà 12, tó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2023, gbé kernel 6.1, orí rẹ̀ náà ló sì dúró sí, àtúnṣe ni wọ́n kàn ń ṣe sí i, títí ẹ̀dà 13 fi gbé 6.12 dé lóṣù kẹjọ ọdún 2025. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀dà 24.04 gbé 6.8 jáde lóṣù kẹrin ọdún 2024. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2025, fáìlì 24.04.2 ti gbé 6.11, èyí tó tẹ̀ lé e lóṣù kẹjọ sì gbé 6.14.

Àwọn tó ń lọ́ra kò ya òmùgọ̀ o. Kernel tuntun lè ba ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ní Lekki, níbi tí okùn abẹ́ òkun Equiano ti gúnlẹ̀ lọ́dún 2022, kò fẹ́ àrà tuntun. Kí sáfà má dákẹ́ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oníláptọ́ọ̀pù ńkọ́? Fáìlì Ubuntu lé ní gígábáìtì 5, owó ló sì fi ra dátà. Tí kò bá ṣiṣẹ́, owó náà wọgbó nìyẹn. Lójú tiwa, oṣù mẹ́fà mẹ́fà bíi ti Ubuntu ló tọ́, kí wọ́n sì fi kernel àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn onísáfà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mọ́, ẹ fi okùn USB so fóònù Android yín mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lo dátà fóònù náà, nítorí kernel àtijọ́ sábà máa ń mọ ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gba kernel tuntun. Tí ẹ bá tẹ uname -r, ẹ óò rí èyí tí ẹ ń lò.