Ìlànà Ìtòtẹ̀léra Àwòrán àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Fíìmù ti Àkírà, 1948

Ẹní híhun ni a mọ Ògòtún Èkìtì mọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ fíìmù kan bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, tí ó ya obìnrin tí ó ru ẹní lọ sí ọjà, ó lè jẹ́ láti apá òsì àwòrán ni obìnrin náà yóò ti máa bọ̀ wá sí apá ọ̀tún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó tó ya àwòrán tí ó tẹ̀ lé e, láti ọ̀tún ni yóò máa lọ sí òsì. Nígbà tí a bá so méjèèjì pọ̀, òǹwòran yóò rò pé obìnrin náà ti ń ti ọjà bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ì tíì débẹ̀. Nítorí irú àṣìṣe báyìí ni a ṣe fi ìlànà ìtòtẹ̀léra lélẹ̀.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Àkírà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù sílẹ̀ ní 1948, lábẹ́ Colonial Film Unit. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀: Sam Aryeetey, R. O. Fenuku àti Bob Okanta láti Gold Coast, A. A. Fájẹ́misìn, J. A. Otigba àti Mallam Yakubu Auna láti Nàìjíríà.

William Sellers, olórí Colonial Film Unit, ti ṣiṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà rí, ó sì ti fi sinimá kọ́ ará ìlú ní ìmọ́tótó kí a tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé fíìmù tí a ṣe fún Òyìnbó kò lè yé òǹwòran Áfíríkà. Àfi kí àwòrán rọra máa lọ, kí ó sì tẹ̀ léra láìsí ọgbọ́n àdìtú kankan.

Ṣùgbọ́n ìtàn sinimá kò gbe èrò yìí. Ní 1903, Edwin S. Porter ṣe *Life of an American Fireman* ní Amẹ́ríkà. Ó fi bí panápaná ṣe gbé obìnrin jáde láti inú ilé tí ń jó hàn láti inú yàrá. Lẹ́yìn náà ó tún fi ohun kan náà hàn láti ìta, bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ pé ojú ará Amẹ́ríkà kò ríran. Iṣẹ́ náà ni kò ì tíì gbó. Nígbà tí ó gbó, àwọn òǹwòran Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni a kọ́kọ́ ṣe ìlànà ìtòtẹ̀léra fún.

Ìdánrawò kékeré ni a fi ń kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù: ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó jókòó, ó bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ tí ó fi di ilẹ̀kùn mú ní ìta náà ni yóò fi dì í mú nínú ilé. Bí ó bá kọjú sí ọ̀tún, òsì ni ẹnì kejì yóò kọjú sí. Ẹni tí ó bá ṣe ìdánrawò yìí yóò rí ibi tí àléébù wà. Ènìyàn tí ó sọdá ọ̀nà mọ̀ pé òun sọdá; àwòrán kò mọ̀ ọ́n.

Ní 1968, Aryeetey darí *No Tears for Ananse*, fíìmù tí a gbé ka ìtàn Àńáńsè ilẹ̀ Gánà. Nítorí náà, ìlànà tí a fi kọ́ni bí ohun tí àìlóye Áfíríkà mú wá kì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Àìlera kámẹ́rà ni ó bí i, ó sì de gbogbo ẹni tí ó bá gbé kámẹ́rà dání.