Ẹkùn-Mẹ́ran àti Tẹníìsì Ọmọdé ní Agbègbè Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó

Kí tẹníìsì, eré tí a ń fi ráákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù kékeré kọjá àwọ̀n, tó dé Èkó ni ẹkùn-mẹ́ran ti wà lọ́wọ́ ọmọdé Yorùbá: wọn a di ara wọn lọ́wọ́ mú ní òbíríkítí, ọmọ kan a di ewúrẹ́ láàárín, òmíràn a di ẹkùn lóde, yóò sì máa wá àyè tí yóò gbà wọlé. Ẹgbẹ́ tẹníìsì Oníkan ní Èkó ti wà láti 1895, ṣùgbọ́n pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, tí a lò fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní 1973, ló mú tẹníìsì sún mọ́ àdúgbò Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọ̀nà tí a ó fi kọ́ ọmọdé ní eré náà ló kù, nítorí bọ́ọ̀lù àgbà a máa ta kọjá orí ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti 2012 ni òfin àjọ tẹníìsì àgbáyé, ITF, ti ka bọ́ọ̀lù yìí léèwọ̀ nínú ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 10 lọ, tí bọ́ọ̀lù pupa tó lọ́ra sì wà fún àwọn tó kéré jù. Ẹkùn-mẹ́ran yẹ fún ìkọ́ni yìí gan-an, nítorí ẹkùn tó ń yí òbíríkítí ká ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn láìgbójú kúrò lára ewúrẹ́, irú ìrìn tí agbátẹníìsì nílò lẹ́yìn ìlà ìparí pápá.