Àmì Ara Bàlúù Ogun àti Orúkọ Ọmọ-ọba Dúdú

Lójú ogun, àmì ni a fi ń mọ ará ilé yàtọ̀ sí ọ̀tá. Dàhómì tó kógun ja Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, tí Ìgbẹ̀ìn àti àwọn ìlú Ẹ̀gbá yòókù parapọ̀ lé padà, ní àsíá fún àwọn ọ̀wọ́ ọmọ ogun rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán lára wọn. Nígbà tí ogun gòkè dé òfuurufú, irú àmì bẹ́ẹ̀ bá a lọ.

Kì í ṣe nítorí ẹwà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1914, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wà nílẹ̀ ń yìnbọn sí bàlúù tiwọn nítorí pé wọn kò dá a mọ̀. Wọ́n ya àsíá ìlú wọn sí ìyẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti òkèèrè, àgbélébùú inú àsíá náà jọ ti Jámánì. Ni wọ́n bá wo àwòṣe Faransé, wọ́n sì gba òbìrìkìtì aláwọ̀ mẹ́ta. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ya àmì tirẹ̀. Ẹyẹ àkọ̀ ni ti ẹgbẹ́ Guynemer ní Faransé. Ẹṣin tó fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró ni ti Baracca ará Ítálì, òun náà ló wà lára ọkọ̀ Ferrari lónìí.

Títí di oṣù kẹwàá 1939, ọmọ òyìnbó pọ́nńbélé nìkan ni òfin gbà láyè láti di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ló ṣí ilẹ̀kùn náà. Ní 1942, Peter Thomas, ọmọ Èkó, di ọ̀gá níbẹ̀. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, wà nínú ẹgbẹ́ kẹrìndínlọ́gọ́rin, tó ń fi bàlúù Halifax ju bọ́ǹbù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ bàlúù wọn ní orúkọ láti bu ọlá fún un: “Achtung! The Black Prince”, èyí tí í ṣe “Ẹ ṣọ́ra! Ọmọ-ọba Dúdú”.

Èdè ọ̀tá ni wọ́n fi ki ọ̀tá nílọ̀. Orúkọ yòókù sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe Edward, ọmọ ọba wọn tó jẹ́ jagunjagun ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Àwọ̀ ara tí òfin fi ti ènìyàn sẹ́yìn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Shenbanjo sọ di oríkì. Ìjọba náà sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ DFC.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa ogun 1851 nílé ìwé yẹ kí wọ́n gbọ́ orúkọ yìí pẹ̀lú.