Ẹni Tó Jẹ Ẹran Ni Kó Sọ Ọ́

Ní Sátidé kan, alápatà mi búra fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹran yìí á rọ̀ bí ẹ̀kọ." A gbé e kaná láti ọ̀sán di alẹ́, ó kọ̀, kò rọ̀. Bí mo ti ń tayín ni mo rántí àwọn ará Ọsirélíà, nítorí irú ẹjọ́ yìí gan-an ló dá ètò ńlá kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹran pọ̀ ní ilẹ̀ wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Síbẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ẹran màlúù ti ń dínkù nínú abọ́ wọn, tí adìyẹ ń gba ipò rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé ẹni tó ra èyí tó rọ̀ lónìí lè ra èyí tó yi bí awọ bàtà lọ́la, iye kan náà ni yóò sì san. Àwọn tó ń sin màlúù rí i pé ọjà ń bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní 1996 ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀, òun ló bí ètò tí wọ́n pè ní Meat Standards Australia.

Amẹ́ríkà ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹran láti 1927, ṣùgbọ́n odindi ẹran ni wọ́n ń lù ú mọ́. Ọsirélíà yà kúrò lọ́nà yẹn. Ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni wọ́n gbà gbọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á tọ́ ègé méje wò, á sọ bó ti rọ̀ sí, bó ti lómi sí, bó ti dùn sí, àti bó ti tẹ́ òun lọ́rùn sí. Àwọn tó ti tọ́ ọ wò báyìí ju 100,000 lọ. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé màlúù kan kì í ní ìpele kan ṣoṣo. Ègé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, bí a bá sì ṣe fẹ́ sè é ni ìràwọ̀ rẹ̀ yóò fi jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tó dára fún ọbẹ̀ lè já ènìyàn kulẹ̀ bí a bá sun ún.

Ibi tó ti kan àpò ẹni tó ń sin ẹran nìyí o. Màlúù tí wọ́n lé kiri, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ àjèjì, tàbí tí ẹ̀rù bà lójú ọ̀nà, yóò ti ná ṣúgà inú iṣan rẹ̀ tán kó tó dé odò ẹran. Bí wọ́n bá pa á, ẹran rẹ̀ á dúdú, ìwọ̀n pH rẹ̀ á ré kọjá 5.70, ó bọ́ nìyẹn: iṣẹ́ ọdún gbọọrọ run lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kà á léèwọ̀ láti da agbo méjì pọ̀ nígbà tó bá ku ọjọ́ 14 kí màlúù kúrò nílé.

Wọ́n tún ń wọn iké. Iké gíga fi hàn pé ìran ilẹ̀ olóoru ni, máàkì rẹ̀ a sì máa wálẹ̀. (Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ràn súyà mọ iyì iké!) Èyí kò lè dùn mọ́ ará Queensland, níbi tí màlúù oníké ti ń fara da ooru àti eégbọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi egungun ìbàdí gbé ẹran kọ́ dípò iṣan gìgísẹ̀, púpọ̀ nínú ègé rẹ̀ á rọ̀ sí i.

Ti ọ̀dọ́ àgùntàn dé lẹ́yìn, kò sì le tó bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹni tó sìn ín àti odò ẹran bá ti pa òfin mọ́, ó ti yege.

Mo padà sọ́dọ̀ alápatà mi lọ́jọ́ kejì. Mo bi í pé níbo ni màlúù àná ti wá.

"Láti òkè Ọya ni, Ẹ̀gbọ́n. Àná náà ló wọlé."

"Ó sì dúró nínú ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀nà yẹn?"

Ó wò mí títí. "Ṣé kó jókòó ni?"