Orin sí sípíkà, ìpè sí íapíìsì: bí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣe lè gbé ohùn méjì gba ọ̀nà méjì

Ìwòyè-Kétu wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá ààlà tó ya Nàìjíríà kúrò lára Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ tọwọ́ bọ̀ ní ọdún 1889 ló bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ Kétu sí méjì, tí ààfin Alákétu fi bọ́ sí ìhà Faransé, tí Ìmẹ̀kọ, Ìwòyè àti àwọn ìlú Kétu mìíràn sì bọ́ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹbí kò tìtorí ìyẹn pínyà. Náírà àti owó sẹ́fà jọ ń ná lágbègbè náà ni, bí ìsìnkú àgbà tàbí ìgbéyàwó bá sì dé, ìhà méjèèjì ni èrò ti ń wá. Àwọn tí kò lè wá, yálà wọ́n wà ní Èkó, ní Kútọnu tàbí ní ìlú òyìnbó, a máa fẹ́ kí wọ́n pe àwọn lórí ẹ̀rọ kí àwọn náà lè fojú ara wọn rí ohun tó ń lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéletan kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà níwájú ẹni tó ń lu orin. Inú rẹ̀ ni orin ti ń jáde lọ sí àwọn sípíkà ńláńlá, inú rẹ̀ náà sì ni ìpè láti òkè òkun ń gbà wọlé. Bí ẹni tó jókòó tì í kò bá ti ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London fẹ́ fi sí àbúrò rẹ̀ létí nípa owó màlúù tó kù sílẹ̀, gbogbo agboolé ni yóò gbọ́ ọ, àwọn àna pàápàá yóò gbọ́. Bákan náà ló rí ní ilé ìjọsìn: àdúrà ń lọ lọ́wọ́, ìró tí fi ń kéde pé lẹ́tà tuntun ti wọlé yóò sì bú jáde láti inú họ́ọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ọ̀nà àbáyọ ju kí èèyàn yá kọ̀ǹpútà kejì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àwọn àgbàlagbà tó mọ rédíò ìgbà àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fi wáyà fà wọlé, tí Yorùbá sọ ní aṣọ̀rọ̀mágbèsì, yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1935 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ohùn kan ṣoṣo ló ń bá wáyà náà bọ̀, ohun tí wọ́n bá sì sọ láti ibùdó ni gbogbo àpótí tó wà lára ògiri yóò máa sọ, kò sí ẹni tó lè ṣa èyí tó wù ú. Bí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe rí títí di bí ogún ọdún sẹ́yìn nìyẹn: gbogbo ohùn inú rẹ̀, ìbáà ṣe orin, ìbáà ṣe ìpè, ìbáà ṣe ìró ìkìlọ̀, inú agbada kan náà ni wọ́n ti ń pò ó pọ̀, ojú ihò kan náà ni wọ́n sì ń gbà jáde.

Kí ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kó mọ ohun tí ohùn jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà lásán ni. Orin tó wà lórí àwo CD jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n ka ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, fún ìhà òsì àti fún ìhà ọ̀tún. Káàdì ohùn tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ń sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di iná tó ń lọ tó ń bọ̀, iná náà ló ń mi awọ sípíkà tí etí fi ń gbọ́ ọ. Káàdì ohùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀kùn kan. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ ẹyọ kan, ohùn méjì tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ jọ gbà á ni. Bí ó bá di méjì, a lè ní kí orin gba ti iwájú, kí ìpè gba ti ẹ̀yìn. Gbogbo ọgbọ́n tó kù, lórí èyí ló dúró sí.

Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Creative ti Singapore ti gbé káàdì Sound Blaster jáde ní ọdún 1989 ni ohùn gidi ti di ohun tí ènìyàn lè rà sínú kọ̀ǹpútà ilé. Windows XP tó jáde ní 2001 gbà kí káàdì méjì wà nínú kọ̀ǹpútà kan, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí olúwarẹ̀ yan ọ̀kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí olórí, àyàfi bí ètò tí ń kọ orin bá ní ibi tó ti lè yan tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Vista, ní 2007, ló jẹ́ kí wọ́n lè dín ohùn ètò kan kù láì kan èkejì. Windows 7 ti 2009 fi ohun tuntun kan kún un: ẹ̀rọ kan fún orin, ẹ̀rọ mìíràn fún ìpè. Ìgbà tó di 2018, nínú àtúnṣe tí wọ́n gbé jáde fún Windows 10 ní oṣù kẹrin ọdún náà, ni ó tó ṣeé ṣe láti mú ètò kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì tọ́ka ilẹ̀kùn tí yóò gbà fún un. Windows 11 náà ní in.

Àṣìṣe kan wà tó ń ná àwọn ènìyàn lówó lásán. Wọ́n á lọ sọ́jà lọ ra wáyà olórí méjì, èyí tó ní ẹnu kan tó wọ kọ̀ǹpútà, tó wá là sí méjì, wọ́n á ki sípíkà bọ ọ̀kan, wọ́n á ki íapíìsì bọ èkejì. Wáyà yẹn kì í ya ohùn sọ́tọ̀. Ẹ̀dà ohùn kan náà ló ń fún àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí omi inú páìpù kan tí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ méjì sí. Ẹni tó fẹ́ kí èèyàn méjì jọ gbọ́ orin kan náà ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí a nílò ni ilẹ̀kùn kejì. Èyí tó rọrùn jù ni káàdì ohùn kékeré tí wọ́n ń ki bọ ojú ihò USB, tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, tó ní ihò kan fún íapíìsì àti òmíràn fún máìkì. Bí wọ́n bá ti kì í bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀. Íapíìsì tó ní ẹnu USB fúnra rẹ̀ náà ní káàdì tirẹ̀ nínú, kò sì nílò ohun mìíràn. Kí wáyà ámúpìlífáyà wà nínú ihò tí kọ̀ǹpútà bá wá, kí íapíìsì wà lára USB. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ń lo káàdì Realtek ni, ó ṣeé ṣe kí ètò Realtek tó wà lórí rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti lè ní kí ihò iwájú àti ihò ẹ̀yìn máa kọ ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò ní ra ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí, kí orin àti ètò ìpè jọ wà ní ṣíṣí, nítorí ètò tí kò bá tíì ṣí kì í sábà hàn nínú àkọsílẹ̀. Lórí Windows 11, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máòsì tẹ àmì sípíkà tó wà ní igun ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì yan “Open volume mixer”. Orúkọ ètò kọ̀ọ̀kan yóò hàn, ibi tí wọ́n ti ń yan ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí Windows 10, inú “Settings”, “System”, “Sound” ni, lẹ́yìn náà “App volume and device preferences”. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè tún wá wọ̀ ọ́ o: kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá rà ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ lè máa sọ èdè Faransé, kí bọ́tìnnì A wà níbi tí Q wà lórí ti Nàìjíríà. Lórí irú èyí, “Paramètres” ni wọn yóò rí, “Système” àti “Son” yóò tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó dé “Mélangeur de volume”. Ibi tí nǹkan wà kò yàtọ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Bí ètò kan bá kọ̀ tí kò gbọ́ràn, kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un ṣí. Àwọn ètò kan tilẹ̀ wà tí kò nílò ìrànlọ́wọ́ Windows rárá. VLC ní ibi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀rọ ohùn nínú àkọsílẹ̀ “Audio” tirẹ̀. Zoom náà ní in nínú “Settings”. Ọ̀rọ̀ àwọn ètò tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló takókó díẹ̀, nítorí Windows ka gbogbo ojú ewé tó ṣí nínú Chrome sí ètò kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbé orin láti YouTube, tó tún ń gba ìpè nínú Chrome kan náà, kò ní rí wọn yà. Kí ó ṣí orin nínú Chrome, kí ó ṣí ìpè nínú Firefox, ó tán.

Nǹkan kan tún wà tó ti dójú ti ọ̀pọ̀ dí-jéè. Windows ní àṣà kan tó fi ń dín gbogbo ohùn yòókù kù ní ìdá 80 nínú 100 nígbà tó bá rí i pé ìpè ti wọlé. Àwọn olùjó wà lójú agbo, orin a sì ṣàdédé rọlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Nínú “Sound” àtijọ́ tó wà ní “Control Panel”, lábẹ́ “Communications”, ni wọ́n ti ń pa á; kí wọ́n yan “Do nothing”.

Fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ orin lílù ní pàtàkì, kì í ṣe ìpè nìkan ni íapíìsì wà fún. Wọ́n nílò láti gbọ́ orin tó kàn kí àwùjọ tó gbọ́ ọ. Ọgbọ́n yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó di ohun àgbéká. Ní àdúgbò Bronx ní New York, láàárín àwọn ọdún 1970, Joseph Saddler, ọmọ tí wọ́n bí ní Barbados tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Grandmaster Flash, lo ìmọ̀ ẹ̀rọ tó kọ́ nílé ẹ̀kọ́ láti ṣe bọ́tìnnì kan tó jẹ́ kó máa gbọ́ àwo kejì ní etí ara rẹ̀ nígbà tí àwo kìn-ín-ní ń kọ fún agbo. Ohun kan náà ni Virtual DJ àti Mixxx ń ṣe lónìí, Mixxx kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò rówó káàdì kejì ní ọ̀nà kan síbẹ̀: kí ó ní kí ètò náà fi ìhà òsì ránṣẹ́ sí sípíkà, kí ó fi ìhà ọ̀tún ránṣẹ́ sí íapíìsì, kí ó sì ra wáyà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó yàtọ̀ sí olórí méjì tí a bú lókè. Ohun tí yóò pàdánù ni ìyàtọ̀ òsì àti ọ̀tún nínú orin. Ní pápá ìta tí wọ́n to sípíkà lé ara wọn bí àpò àgbàdo, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ní ti àwọn tí kò lo Windows, ètò pavucontrol ń ṣe iṣẹ́ náà fún àwọn tó ń lo Linux, ó sì ti ń ṣe é tipẹ́ kí Windows tó mọ̀ ọ́n ṣe. Kọ̀ǹpútà Apple lè da ohùn kan náà sí ẹ̀rọ méjì, ṣùgbọ́n kí ó tó pín ohùn ètò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, àfi kí ètò náà yan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ tàbí kí wọ́n ra ètò mìíràn kún un.

Íapíìsì Bluetooth dùn ún lò, kò sì dára fún iṣẹ́ yìí. Ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí, ìdíwọ̀n díẹ̀ yẹn sì tó láti ba ìlù jẹ́ fún dí-jéè. Bí wọ́n bá tún ń lo máìkì rẹ̀, ohùn tí wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀ lè ṣàdédé tín-ín-rín bíi ti tẹlifóònù ayé àtijọ́. Wáyà ló sàn. Bí ohùn kíkùn kan bá sì ń ti inú sípíkà jáde, kí wọ́n yọ wáyà tí ń fa iná sí kọ̀ǹpútà ná. Bí ìkùn náà bá dákẹ́, kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́. Iná tó ń bọ̀ láti ọ̀nà méjì ló ń bá ara wọn jà, kí wọ́n so kọ̀ǹpútà àti ámúpìlífáyà mọ́ ojú iná kan náà, tàbí kí wọ́n fi bátìrì ṣeré náà.

Ti etí ló kù. Ẹni tó jókòó ti sípíkà ńlá a máa gbé ohùn íapíìsì sókè gan-an kó tó lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé àgbàlagbà lè fetí gba ohùn tó wà ní ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìsí ewu. Bí ó bá fi 3 péré lé sí i, wákàtí náà dín kù sí ìdajì: 83 di wákàtí 20, nígbà tó bá sì fi máa dé 90, wákàtí 4 péré ló kù fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, agbo òru kan ṣoṣo sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Íapíìsì tó bo etí pátápátá, tó dí ariwo ìta, ń jẹ́ kí olúwarẹ̀ lè dín ohùn kù. Kí ó sì gbé tábìlì rẹ̀ sẹ́yìn sípíkà, kì í ṣe iwájú rẹ̀.

Kí èrò tó pé, kí wọ́n gbé orin sí sípíkà, kí ẹnì kan pe kọ̀ǹpútà náà láti ẹ̀yìn ilé, kí ẹlòmíràn dúró sáàárín agbo kó fetí sílẹ̀ bóyá ohùn ẹni tó ń pè yóò jáde. Bí wọ́n bá yọ USB, tí wọ́n sì tún un kì bọ ihò mìíràn, kí wọ́n dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí Windows lè kà á sí ẹ̀rọ tuntun, kí ó sì dá ìpè padà sí sípíkà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.