Ẹni Tí A Kò Kà Sí: Obìnrin Akọni Nínú Ìtàn Ọ̀daràn

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà ní ilẹ̀ Ọ̀kun, Ìpínlẹ̀ Kogí. Nínú ẹlẹ́wọ̀n 294 tí ó wà níbẹ̀, 240 ni ó bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Odi wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn àròsọ ọ̀daràn nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè máa sọ fún wọn pé ọkùnrin alágbára kan, tí ìbọn wà lápò rẹ̀, ni yóò dé ní ojú ìwé tó kẹ́yìn láti tú gbogbo ọ̀ràn palẹ̀. Wọn yóò fi í rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí ó kù láti bi wọ́n ni èyí: níbi tí agbára kò ti ran ẹnikẹ́ni, ta ni à ń pè ní akọni? Àwọn ìwé kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú láti dáhùn, obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni wọ́n sì fi dáhùn.

Kì í ṣe ìwé ni ó kọ́kọ́ mú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ wá. Kí a tó mọ ìwé kíkà, àlọ́ ti wà ní ilẹ̀ Ọ̀kun bí ó ti wà ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ta ni kò gbọ́ àlọ́ ọmọ òrukàn tí ìyàálé rán lọ sí odò nítorí igbá kan ṣoṣo? Ọmọ náà kò ní ìyá, kò ní alágbàwí, kò sì ní ohun ìjà. Ohun tí ó ní kò ju pé ó ń kíyè sí nǹkan, ó sì ń gbọ́ràn sí ẹni tí ó yẹ. Àlọ́ mìíràn wà tí ìyàálé ti pa ọmọ orogún rẹ̀, tí ó sin ín, tí ó sì rò pé ọ̀rọ̀ parí, títí tí ohun tí ó hù lórí ibojì fi kọrin tú àṣírí náà. Ìtàn ìpànìyàn ni èyí, láìsí ọlọ́pàá, láìsí adájọ́. Àwọn ìyá àgbà ni wọ́n sì máa ń sọ ọ́ jùlọ, fún àwọn ọmọ tí wọ́n kéré jù nínú agbo ilé.

Ilẹ̀ Ọ̀kun tilẹ̀ ní àpẹẹrẹ kan tí kì í ṣe àlọ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fọ̀sì jẹ́ ẹgbẹ́ awo tí ẹ̀mí máa ń gùn, wọ́n sì ní èdè tiwọn tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọ́. Obìnrin tí kò lè dá ọ̀rọ̀ sọ níwájú àwọn àgbà lánàá lè di ẹni tí gbogbo ilé ń dákẹ́ fún lónìí. Èyí kò sọ ọ́ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn baba ńlá kò ka ohùn obìnrin sí ohun tí òtítọ́ kò lè gbà kọjá.

Nígbà tí ìtàn àròsọ Yorùbá dé ojú ìwé ìròyìn, ohùn obìnrin ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1929 sí 1930 ni I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú Akéde Èkó, bí ẹni pé arúgbìnrin kan ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú tí ó sì ń jẹ́wọ́ ìgbésí ayé rẹ̀. Ọkùnrin ni ó ń kọ ọ́, àmọ́ ìjẹ́wọ́ obìnrin ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá ìjẹ́wọ́ pàdé.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tòótọ́ dé lẹ́yìn náà. Ọdún 1969 ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, Àgbàlagbà Àkàn sì tẹ̀lé e ní 1971. Ní 1971 kan náà ni Kọ́lá Akínlàdé kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, ó sì kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Ìwé tí ó dùn ún kà ni wọ́n, èdè wọn sì ta yọ. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ó ń ka Yorùbá lónìí, àwọn ni ó fi kọ́ bí a ti ń ṣí ojú ewé láìfẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó ń wá òkodoro nínú wọn. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí. Ó mọ ọ̀nà, ó lè jà, àwọn ọ̀daràn sì mọ̀ ọ́n. Akin Olúṣínà ti Akínlàdé jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ tí ó sì ní iyì. Kì í ṣe obìnrin ni ó ń wádìí ọ̀ràn. Bí ọ̀ràn bá kan obìnrin, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ibi ṣẹlẹ̀ sí ni, tàbí ẹni tí ń fara pamọ́ sẹ́yìn ibi.

Kò yẹ kí a bú àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí nítorí rẹ̀. Ohun tí ó wà láwùjọ ni wọ́n kọ. Ọdún 1955 ni Nàìjíríà tó gba obìnrin sí iṣẹ́ ọlọ́pàá, òfin iṣẹ́ náà sì ní kí obìnrin ọlọ́pàá tí ó bá fẹ́ lọ́kọ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ó tún ní kí a lé èyí tí ó bá lóyún láìtíì lọ́kọ kúrò. Kò sí ohun tí ó jọ èyí fún ọkùnrin. Ní ọdún 2021 pàápàá, ìròyìn jáde láti Èkìtì pé wọ́n lo òfin oyún náà fún ọ̀dọ́mọbìnrin ọlọ́pàá kan. Níbo ni òǹkọ̀wé ọdún 1969 yóò ti rí Lápàdé obìnrin?

Nítorí náà, nígbà tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkodoro nínú ìtàn àròsọ ilẹ̀ Áfíríkà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá ni ó gbà wọlé. Ní 1998, Alexander McCall Smith, ọmọ Scotland tí wọ́n bí sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí, gbé Precious Ramotswe jáde, obìnrin Botswana tí ó ta màlúù tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ láti fi dá ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀ ní Gaborone. Gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn inú ìwé náà rọ̀. Ewu rẹ̀ kì í sábà dé egungun.

Ìwé tí ó yẹ kí olùkọ́ wá kàn ni ti Unity Dow, The Screaming of the Innocent, tí ó jáde ní 2002. Dow fúnra rẹ̀ ti pe ìjọba Botswana lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1992, nítorí òfin kò jẹ́ kí ìyá ọmọ bíbí ilẹ̀ náà tí ó fẹ́ àlejò fún ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú. Ní 1998 ni ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga níbẹ̀. Ó mọ bí òfin ti rí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti láti orí àga.

Nínú ìwé náà, ọmọdébìnrin kan tí ń jẹ́ Neo ti sọnù láti ọdún 1994. Àwọn ọlọ́pàá ní ẹranko ni ó pa á, ẹ̀rí tí ó wà sì pòórá. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n rán ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Amantle Bokaa, wá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn abúlé náà. Ẹ lè fi wé àgùnbánirọ̀ tiwa. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò kà á sí nǹkan kan. Iṣẹ́ tí kò wu ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbé fún un. Níbi tí ó ti ń palẹ̀ yàrá ìkẹ́rùsí mọ́ ni ó ti rí àpótí kan, aṣọ ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bí Amantle bá jẹ́ ọ̀gá, kì bá tí dé yàrá náà. Ipò tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó gbé e dé ibi tí ẹ̀rí wà. Ẹni tí ń gbálẹ̀ ni ó ń rí ohun tí ó wà lábẹ́ ẹní. Ṣùgbọ́n rírí kọ́ ni akọni. Ó lè ti àpótí náà padà. Ó lóye pé àwọn tí ó fi í pamọ́ lágbára, ó sì ní ọjọ́ iwájú láti bẹ̀rù fún, nítorí ó fẹ́ di dókítà. Ó ṣí i síta, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lé ìyá ọmọ náà àti gbogbo abúlé lọ́wọ́. Ìtàn náà kò parí sí ìdájọ́ òdodo tí ó dán gbirin, èyí kò sì dín ohun tí ó ṣe kù.

Àwọn arábìnrin rẹ̀ ti dé lẹ́yìn rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Amaka, agbẹjọ́rò inú Easy Motion Tourist tí Lẹ́yẹ Adénlé kọ ní 2016, ń dáàbò bo àwọn obìnrin tí ń ta ara ní Èkó, àwọn tí bí wọ́n bá kú, ìwé ìròyìn kì í béèrè orúkọ wọn. Emma Djan, tí Kwei Quartey kọ nípa rẹ̀ ní 2020, pàdánù iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Accra nítorí pé ó kọ̀ fún ọ̀gá tí ó fẹ́ fi agbára bá a lò pọ̀, ó sì di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni.

Ẹni tí ó le jù láti dájọ́ fún ni Kọ́rẹ̀dé. Ọyínkán Braithwaite ni ó kọ My Sister, the Serial Killer ní 2018; ní 2019 ìwé náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún ẹ̀bùn Booker. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n ilé Yorùbá ni ilé inú rẹ̀, ní Èkó. Kọ́rẹ̀dé jẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò lẹ́wà, àbúrò rẹ̀ Ayọ̀ọlá sì rẹwà débi pé ojú kò lè kúrò lára rẹ̀. Ayọ̀ọlá ń pa ọkùnrin tí ó bá ń fẹ́. Kọ́rẹ̀dé a sì dé pẹ̀lú kẹ́míkà ìfọ̀dọ̀tí, a fọ ẹ̀jẹ̀ nù, a bá a gbé òkú jù sómi lórí Afárá Kẹta Èkó.

Ohun gbogbo tí Amantle ní, Kọ́rẹ̀dé ní i. Wọn kò kà á sí. Ó ń kíyè sí nǹkan. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni ó mú un dé ibi ẹ̀rí. Ó tilẹ̀ gbọ́n jù ú lọ. Ìyàtọ̀ wọn ni pé èkíní ṣí àpótí, èkejì ń tì í. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ka ìwé yìí yóò sọ pé akọni ni Kọ́rẹ̀dé nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Baba wọn jẹ́ òǹrorò tí ó ń fi pàṣán na ìyàwó àti ọmọ. Ó fẹ́ fi Ayọ̀ọlá, ọmọ ọdún 14, ta lọ́rẹ fún olóyè kan kí òwò rẹ̀ lè lọ déédéé. Ọ̀bẹ baba náà gan-an ni Ayọ̀ọlá ń lò. Ní ilé yẹn, Kọ́rẹ̀dé nìkan ni odi tí àbúrò rẹ̀ ní. Ọ̀bẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Síbẹ̀, ta ni ó ń san owó ìfẹ́ náà? Fẹ́mi ni, tí ó ń kọ ewì, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń wá a kiri. Tádé ni, dókítà tí Kọ́rẹ̀dé fẹ́ràn: nígbà tí ó kù kí Kọ́rẹ̀dé sọ òtítọ́ kan tí yóò gbà á là, ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ni ó tò sí. Amantle fi ọjọ́ iwájú tirẹ̀ san owó. Ti ẹlòmíràn ni Kọ́rẹ̀dé fi ń san án. Èyí ni kò jẹ́ kí orúkọ náà tọ́ sí i, bí àánú rẹ̀ ti wù kí ó ṣe wá tó.

Ó sì fẹ́ sọ ọ́. Sẹ̀gilọlá jẹ́wọ́ fún gbogbo Èkó nínú ìwé ìròyìn. Kọ́rẹ̀dé ń jẹ́wọ́ fún Muhtar, aláìsàn tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, nítorí ó rò pé kò gbọ́. Ọkùnrin náà jí, ó rántí, kò sì tú u fó. Ó gbà á níyànjú pé kí ó dá ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù náà, ó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún un kí ó tó lọ. Kọ́rẹ̀dé dáná sun ìwé náà.