Bí Láìnì Ilé Ṣe Ń Bá Ọmọ Rìn Dé Ẹ̀yìn Odi

Lọ́dọọdún ni a máa ń ka ìtàn ogun, ìtàn oyè àti ìtàn bí a ṣe tẹ ìlú wa dó nínú ìwé yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí ó sì kan gbogbo wa, àwa tí a wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ìtàn náà ni ti bí láìnì tẹlifóònù tí ènìyàn rà nílé ṣe lè máa dún nínú àpò rẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì, àti iye owó tí a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀. Roaming ni àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù ń pè é.

Ìyà ni ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2009, nígbà ọlidé ńlá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí n tó kúrò nílé, mo fi káàdì ìpè ₦5,000 sínú fóònù mi, mo sì pinnu pé n kò ní pe ẹnikẹ́ni. Bí ará ilé bá pè mí, n ó dá wọn lóhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Ìyàwó mi pè láti mọ̀ bóyá mo gúnlẹ̀ láyọ̀. Olórí ẹbí wa pè, ó sì súre fún mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa pè nítorí kọ́kọ́rọ́ kan tí wọn kò rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, owó inú fóònù náà ti tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni n kò pe ẹyọ ènìyàn kan. Mo bínú, mo sì kà á sí olè jíjà. Ó di ìgbà tí mo padà dé, tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n tó mọ̀ pé bí a ti ṣe ètò rẹ̀ ni.

Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi àlejò ayé àtijọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Àlejò tí ó bá wọ ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n, ilé baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Baálẹ̀ yóò wo ilà ojú rẹ̀, yóò mọ ìlú tí ó ti wá, yóò sì ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé, "Ẹni báyìí wà lọ́dọ̀ mi, ṣé ọmọ yín ni?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó fún un ní yàrá àti oúnjẹ, a ó sì ka gbèsè rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóònù ń ṣe nígbà tí a bá tàn án ní pápá ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè. Ilà ojú rẹ̀ ni nọ́ńbà kan tí a kọ sínú síìmù, èyí tí ó yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí a fi ń pè wá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni ó ń sọ orílẹ̀-èdè: 621 ni ti Nàìjíríà, 616 ni ti Benin. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé 234, tí gbogbo wa mọ̀ sí nọ́ńbà tí a fi ń pe Nàìjíríà láti òkèèrè, òun gan-an ni ilà ojú síìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì! Ilé-iṣẹ́ tí a bá lọ́hùn-ún yóò ránṣẹ́ sí ti ilé, ti ilé yóò ní, "Ọmọ wa ni." Láti ìgbà náà ni ti ilé yóò ti mọ ibi tí yóò darí ohùn sí bí ẹnikẹ́ni bá pè wá.

Ta ni yóò wá sanwó? Ẹni tí ó pè mí láti ilé kò mọ̀ pé mo ti kọjá òkun. Owó ìpè abẹ́lé ni ó san. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ní láti dé Lọ́ńdọ̀nù, ilé-iṣẹ́ tí ó gbà mí lálejò ní láti gba tirẹ̀, ti ilé yóò sì bu èrè lé e. Èmi tí mo rìnrìn àjò ni gbogbo rẹ̀ já lé lórí. Èyí tí ó tilẹ̀ yani lẹ́nu jù ni pé bí ọmọ ìlú wa méjì bá jókòó sínú yàrá kan ní Peckham, tí ọ̀kan fi síìmù Nàìjíríà pe èkejì tí òun náà ń lo síìmù Nàìjíríà, ohùn náà yóò lọ sí Nàìjíríà kí ó tó padà wá bá ẹni tí ó jókòó tì í. Àwọn méjèèjì ni yóò sì sanwó.

Àwọn ará àríwá Yúróòpù ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Ní 1981, Sweden àti Norway bẹ̀rẹ̀ sí í lo tẹlifóònù alágbèéká kan tí a ń pè ní NMT. Denmark àti Finland bá wọn dá a pọ̀ ní 1982. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é kí ó lè kọjá ẹnubodè. Ní 1982 náà ni àwọn àjọ tẹlifóònù Yúróòpù yan ìgbìmọ̀ kan láti wá ètò kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ wọn, láti ara ìgbìmọ̀ yìí sì ni orúkọ GSM ti jáde. Ní ọjọ́ 7 oṣù September, ọdún 1987, àwọn aṣojú láti orílẹ̀-èdè 13 fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Copenhagen. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù July 1991, Harri Holkeri, ẹni tí ó ti ṣe olórí ìjọba Finland, fi ẹ̀rọ náà ṣe ìpè àkọ́kọ́. Ní 1992 ni Telecom Finland àti Vodafone ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe àdéhùn àkọ́kọ́ láti máa gba ọmọ ara wọn lálejò lórí GSM.

Nínú irú àdéhùn yìí ni ọ̀wọ́n ti wọlé. Ilé-iṣẹ́ méjì-méjì ni ó ń jókòó dá iye owó láàárín ara wọn. Arìnrìn-àjò kò sí níbẹ̀, kò sì lè ná ọjà náà, nítorí kò sí ẹni tí í yan láìnì ilé rẹ̀ nítorí ọ̀sẹ̀ méjì tí yóò lò ní òkèèrè. Ọjà tí olùrà kò lè ná, ẹ kò ní retí pé kí ó pọ̀.

Àwa náà kò tètè bá wọn débẹ̀. Wáyà abẹ́ òkun ti dé Èkó láti 1886, a sì ti kọ́ ilé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn láti ojú sánmà sí Láńlátẹ̀ ní Ìbàràpá ní ẹ̀wádún 1970. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní láti fi ilé sílẹ̀ lọ tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì NITEL. Ní January 2001 ni ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM, $285 mílíọ̀nù ẹyọ kan. Kí ọdún náà tó parí, fóònù ti ń dún nínú àpò àwọn tí ó lówó. Síìmù ọ̀kan ju ₦20,000 lọ nígbà náà. Olùkọ́ wo ni yóò rà á?

Ẹ má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ já okùn ọ̀wọ́n yìí. Mo Ibrahim, ọmọ ilẹ̀ Sudan tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, ni ó dá ilé-iṣẹ́ Celtel sílẹ̀ ní 1998. Ilé-iṣẹ́ Kuwait kan rà á ní 2005. Ní September 2006, Celtel bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní One Network láàárín Kenya, Uganda àti Tanzania. Ẹni tí ó ra síìmù rẹ̀ ní Nairobi, bí ó bá dé Kampala, iye tí ọmọ Kampala ń san ni òun náà yóò san. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a bá pè é. Yóò sì lè ra káàdì ìpè ìgboro ibẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe kò ṣòro láti rí. Olówó kan náà ni ó ni ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà àpò ọ̀tún ni ó ń san fún àpò òsì. Ní November 2007, wọ́n mú Nàìjíríà, Niger àti àwọn mìíràn mọ́ ọn, ó fi di orílẹ̀-èdè 12. Oníṣòwò Kano tí ó ń lọ sí Maradi jẹ nínú oore náà.

Àwa ti ìhà ìwọ̀-oòrùn ńkọ́? Celtel kò ní ilé-iṣẹ́ ní Benin. Ìmẹ́kọ àti Kétu, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ààlà 1889 là sí méjì, di àjèjì sí ara wọn lórí fóònù náà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì mọ ààlà. Ní ẹnubodè káàkiri ayé, fóònù a máa fò mọ́ òpó òdìkejì nígbà tí olówó rẹ̀ kò kúrò lórí àga ilé rẹ̀, a ó sì gba owó àlejò lọ́wọ́ onílé.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ti Celtel ni Yúróòpù ṣe òfin tirẹ̀. Viviane Reding, ọmọ ilẹ̀ Luxembourg, ni ó dúró lórí ọ̀rọ̀ náà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sì pariwo gidigidi. Láti ìparí June 2007, a kò gbọdọ̀ gbà ju sẹ́ǹtì 49 lọ fún ìṣẹ́jú kan tí a fi pe ènìyàn, tàbí sẹ́ǹtì 24 fún èyí tí a fi dáhùn, láìka owó orí. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gé e kù, títí di ọjọ́ 15 June 2017 tí wọ́n mú owó àlejò kúrò pátápátá láàárín ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gẹ̀ẹ́sì kò sí lábẹ́ òfin náà mọ́ láti ìgbà tí ilẹ̀ yín ti bá Yúróòpù pín gaàrí. Ní 2022, díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tiyín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Paris.

ECOWAS náà fi ọwọ́ sí òfin roaming ní December 2017. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè méjì-méjì ni ó ní láti jókòó kí òfin náà tó ní ẹsẹ̀. Ghana àti Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2023. Ní tèmi, ó yẹ kí àwọn ọba àti aṣòfin wa tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà máa pariwo ọ̀rọ̀ yìí bí wọ́n ti ń pariwo ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn ìjọba ń fà á, àwọn ọlọ́gbọ́n oníṣòwò gbé síìmù arìnrìn-àjò jáde. Wọ́n ń ra ìṣẹ́jú lọ́pọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì ń tún un tà. Púpọ̀ nínú ti ìgbà àkọ́kọ́ ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan: bí a bá tẹ nọ́ńbà, ìpè náà yóò gé, lẹ́yìn náà ni fóònù wa fúnra rẹ̀ yóò dún, tí yóò so wá pọ̀ mọ́ ẹni tí a ń wá, nítorí dídáhùn rọjú ju pípè lọ. Lónìí, eSIM tí kò ní káàdì rárá ni ó gbòde. iPhone 14 tí Apple tà ní Amẹ́ríkà ní 2022 kò tilẹ̀ ní ihò síìmù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú èyí, kí ó ka orúkọ àwọn ilẹ̀ tí ó dé dáadáa, nítorí "gbogbo ayé" tí wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀ lè má kan Nàìjíríà. Kí ó wo iye ọjọ́ tí yóò fi parẹ́. Kí ó sì mọ̀ pé dátà nìkan ni púpọ̀ nínú wọn ní, wọn kò ní nọ́ńbà tí a lè fi pe ènìyàn.

Ibẹ̀ ni ewu wà fún ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi. Nítorí pé WhatsApp ti ń gbé ohùn láti 2015, ọ̀pọ̀ yín ti ju síìmù ilé sínú dúrọ́ọ̀. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ni báǹkì mọ̀ yín sí, òun ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ sí. Ìlànà NCC, àjọ tí ń ṣe àbójútó tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ni pé láìnì tí kò bá pa owó kankan wọlé fún oṣù mẹ́fà ni a lè tì. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, a lè fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà náà. Ẹ fi síìmù náà sínú fóònù, ẹ pa dátà rẹ̀ kí ó má jẹ owó yín, ẹ máa fi pe ilé lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù díẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, a kì í gba owó lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí a gbà.

Ní ọdún tí ó kọjá, èmi ni a ní kí n pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, láti sọ fún wọn pé àgbà kan ti sùn. Nọ́ńbà ọ̀kan nínú wọn tí ó wà ní Houston wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, inú mi sì dùn. Ọmọbìnrin kan ni ó dáhùn, ní èdè Haúsá. Ó ní Minna ni òun wà, pé ó ti lé ní ọdún kan tí òun ti ra láìnì náà, àti pé èmi ni ẹni kẹrin tí ó béèrè bàbá yẹn lọ́wọ́ òun.